Ẹ Má Fọwọ́ Kan Kòtò Mi

Láti ẹnu géètì ni Pọ́ńbà ti gbóòórùn bílíìṣì. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, àpò irinṣẹ́ wọ̀ ọ́ léjìká, ebi ń pa á, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju kó bọ́ bàtà kó sì nà gbalaja lọ. Òórùn náà gbá a nímú, ó dúró. Bílíìṣì kẹ̀, omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Kí ni bílíìṣì ń wá nínú ilé tí òun kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọṣẹ líle sí kòtò láti ọdún mẹ́ta? Kò kí ẹnì kankan. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kó sáré.

Kòtò rẹ̀ ń dán. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní ó ń dán. Òkúta wẹ́wẹ́ tó fi sílẹ̀ láàárọ̀ ní dúdú, tó ń yọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ti funfun nẹ́ẹ́. Koríko etí odò tó gbìn sáàárín wọn, wọ́n ti gé e lọ́gbọọgba bí orí ọmọ iléèwé tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta kan, ó fi ìka ra á, ó gbé e sí imú. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, ẹnì kan ti fọ̀ ọ́ dànù láàárín òwúrọ̀ kan.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná. Kí n tó sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kòtò yìí fún yín, kí ẹ̀yin náà má lọ máa wò ó tìkà-tẹ̀gbin bí àwọn ará ilé rẹ̀.

Pọ́ńbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ìyá tó bí i. Ó ti lé lógójì ọdún, ó gùn, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ sì mú ju bíléèdì lọ. Láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń so páìpù fún àwọn èèyàn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, akọ̀wé ìjọba tó ń pè ní Bọ̀dá, àti ìyàwó Bọ̀dá. Omi ẹ̀rọ kì í yọ nínú ilé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, orí òkè ni wọ́n ti ń lọ pọn ọ́n, ìyá wọn ló sì ń pọn èyí tó pọ̀ jù, nítorí ibi iṣẹ́ ni àwọn yòókù ń lọ. Orí òkè yẹn ló ti gbé korobá ṣubú tí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. Pọ́ńbà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé nígbà náà. Ó wo ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, ó wo omi ìwẹ̀ tó ń ṣàn láti balùwẹ̀ gba abẹ́ ògiri lọ sójú títì, korobá lórí korobá, inú bí i. Ó gbé ṣọ́bìrì.

Bó ṣe ṣe é rèé. Omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti omi ìfọwọ́ nìkan ló darí sí kòtò náà; ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò jẹ́ kó súnmọ́ ọn. Páìpù ń gbé omi náà lọ sínú àgbá kan, níbi tí òróró ara àti ìfóòfó ọṣẹ ti ń léfòó, tí ẹrẹ̀ sì ń lọ sísàlẹ̀. Omi àárín á wá máa rọra ṣàn wọ kòtò gígùn kan tó fi rọ́bà nípọn tẹ́ nínú, tó kún fún òkúta, èédú àti yanrìn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń rìn láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Nígbà tó bá fi máa bọ́ sínú táǹkì kékeré tó wà lópin, ó ti mọ́ gaara. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n mu ún o. Àmọ́ òun ni wọ́n fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òun ni wọ́n fi ń bomi rin igi ọsàn mẹ́ta àti ẹ̀fọ́ Ìyá, Ìyá kò sì gun òkè yẹn mọ́.

Ohun tó wà níbẹ̀ wá ni pé kì í ṣe òkúta ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun yíyọ̀ tó bo òkúta ló ń ṣe é. Ilé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ni, ìdọ̀tí ara wa sì ni oúnjẹ wọn. Wọ́n ń jẹ ẹ́, omi ń mọ́. Oṣù méjì ló gbà kí wọ́n tó tẹ̀dó síbẹ̀ dáadáa, bí o bá sì fọ̀ wọ́n kúrò, òkúta lásán ló kù fún ọ. Pọ́ńbà mọ gbogbo èyí bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ irú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í fẹ́ ìbéèrè. Ohun tó máa ń sọ fún ará ilé kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ẹ má fọwọ́ kan kòtò mi. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára pákó, ó kàn án mọ́ ògiri. Bí Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ láti wò ó, Pọ́ńbà á ké mọ́ ọn láti ojú fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wolé-wolé wá. Ẹnì kan ládùúgbò ló kọ̀wé sí wọn pé ilé náà ń kó omi ẹlẹ́gbin pamọ́. Ọkùnrin náà wọlé tòun ti káàkì tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ tó ń ya igun, ìwé lábẹ́ abíyá. Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó ṣí àgbá àkọ́kọ́, àgbá tí omi ìwẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó fò sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ibi tó ń gbà wọlé lẹ ń gbóòórùn yẹn," Pọ́ńbà ní. "Ẹ wá gbọ́ ti ibi tó ń gbà jáde."

Kò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ó lọ síbi òkúta, ó fi ìka kan ha ohun yíyọ̀ yẹn, ó gbé ìka náà lọ bá Ìyá níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó nà án sí i lójú.

"Màmá, ẹ wò ó. Inú èérí lẹ ń gbé."

Ó wá nu ìka náà mọ́ ara ògiri. Ìyá tẹrí ba. Obìnrin tó ti ń jí gbálẹ̀ láti kékeré, tí kì í jẹ́ kí abọ́ sùn láìfọ̀, wọ́n ní inú èérí ló ń gbé. Pọ́ńbà ló fèsì, ó sì sọ̀rọ̀ kọjá ààlà, débi pé wolé-wolé fi ìbínú ṣí ìwé rẹ̀, ó ní òun ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kòtò náà bá mọ́, tí kò rùn, kó dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi òkúta àti sìmẹ́ńtì dí i pa lọ́jọ́ náà gan-an.

Bọ̀dá kò tiẹ̀ dúró de Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti ra bàgì sìmẹ́ńtì méjì, ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Òfin ni òfin," ó ní. "Ojú ń tì mí láti mú ọ̀rẹ́ wálé. Wọ́n á ní omi ìdí la fi ń bomi rin ẹ̀fọ́." Ní gbogbo àárọ̀ tí Pọ́ńbà bá ń jáde, á rí bàgì méjèèjì tí wọ́n fara ti ògiri, inú rẹ̀ á tún ru. "Ẹ máa jẹrà síbẹ̀ ni," ló máa ń sọ fún wọn, bí ẹni ń bá èèyàn jà. Kò bẹ̀rù rárá. Ó mọ bí omi tó wà nínú táǹkì rẹ̀ ṣe mọ́ tó.

Ẹ ti wá rí ìdí tí orí rẹ̀ fi dàrú nígbà tó rí òkúta funfun lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun, ọjọ́ méjì péré kí wolé-wolé tó padà dé. Ó rí ìgò bílíìṣì ńlá mẹ́ta tó ṣófo lẹ́yìn balùwẹ̀, kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ń lo irú ìgò bẹ́ẹ̀ nínú ilé? Ìyàwó Bọ̀dá. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kó má yínmú. Ó bá a ní yàrá ìdáná, ó ń to abọ́.

"Ìwọ lo da bílíìṣì sínú kòtò mi."

Ìyàwó yíjú padà. Ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ Pọ́ńbà, ó wo ojú rẹ̀, ojú tirẹ̀ náà yí padà. "Àǹtí," ó ní, "ṣé ó bà á jẹ́ ni?"

"O tún ń bi mí. O mọ̀ pé ọ̀túnla ni ọkùnrin yẹn ń bọ̀. O mọ̀ pé tó bá bá a báyìí wọ́n á dí i pa. Àbí ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ jọ pète ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"N má bínú kẹ̀. Ìwọ tó o dé lánàá òde yìí, o fẹ́ sọ ilé bàbá mi di ilé ìwòsàn. Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ àwọn ẹni ẹlẹ́ni lò ń fọ̀ kó o tó rí jẹ, ìwọ lo wá ń yínmú sí omi tí àwa fi wẹ̀."

Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ki ọwọ́ bọ páìpù ìgbẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí i kò jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀. Ó sọ èyí, ó sọ tọ̀hún, ó sọ èyí tí ẹnu kì í sọ. Omi lé ròrò sójú ìyàwó. Ó wo ọ̀nà yàrá Ìyá lẹ́ẹ̀kan, ó yára mójú kúrò níbẹ̀, ó sì tún ní, "Ẹ má bínú."

Pọ́ńbà fi í sílẹ̀, ó gba yàrá Ìyá lọ láti lọ fẹjọ́ sùn. Ìyá wà lórí ibùsùn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, orúnkún rẹ̀ wú bí bọ́ọ̀lù. Kí Pọ́ńbà tó la ẹnu, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ti dé ẹ̀yìn?" Ìyá ní. "Ṣé o ti rí i?"

"Kí ni mo rí, Ìyá?"

"Òkúta rẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fọ̀ wọ́n. Bó o ṣe jáde láàárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì aṣọ ni mo fi fọ̀ ọ́ títí irun ara ẹ̀ fi tán." Ó yọ ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora. Awọ ìka rẹ̀ ti bó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, ó hunjọ. "Mo gba bílíìṣì lọ́wọ́ ìyàwó wa, mo ní aṣọ ni mo fẹ́ fi fọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ló ṣe, ó ń sùn. Nígbà tó jí tó rí mi níbẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n dúró dè ọ́, àmọ́ mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo ní kó má sọ fún ọ, pé mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Kí ọkùnrin yẹn tún wá na ìka sí mi, jẹ́ kí n rí i."

Pọ́ńbà dúró síbẹ̀. Odindi ni ìbínú tó gbé wọlé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò rí ibi tó máa tu ú sí. Ta ni kó bú? Ìyá tó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ti yẹ̀, láti àárọ̀ di ọ̀sán, nítorí tirẹ̀? Ó mú ìpara lórí tábìlì, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ìka ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó mọ́, Ìyá," ó ní. "Ẹ ṣeun."

Nígbà tó jáde, ó ta bàgì sìmẹ́ńtì kan nípàá. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dùn ún, bàgì kò mira. Ó yẹ kó lọ bẹ ìyàwó, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìdáná, ó rí ẹ̀yìn obìnrin náà tó tún ń to abọ́ tó ti tò tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tí kì í wá èébú tì kò rí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo mú jáde. Ó yí padà. Ó ní tó bá di ọ̀la, òun á bẹ̀ ẹ́. Ọ̀la dé, kò bẹ̀ ẹ́.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wolé-wolé dé. Bọ̀dá ti gba àyè níbi iṣẹ́ kó lè wà níbẹ̀. Ṣòkòtò tó ti gbó ló wọ̀, ó sì ti gbé ṣọ́bìrì ti ẹ̀gbẹ́ sìmẹ́ńtì rẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n gbé àga òun sí ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ tó fi ń jáde ló wọ̀. Pọ́ńbà dúró lẹ́yìn àga náà, ó ká ọwọ́ gbera. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tó ń fọ omi nínú kòtò yẹn mọ́, bílíìṣì àtomi ló kún táǹkì. Imú èèyàn kan ṣoṣo ló kù tó máa sọ bóyá kí wọ́n dí i pa.

Ọkùnrin náà fi ìka ha òkúta, ó wo ìka náà, kò rí nǹkan kan. Lọ́tẹ̀ yìí ó dé ibi táǹkì. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ là.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Ó ń rùn bí ilé ìwòsàn. Báyìí ló yẹ kí omi máa rùn. Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni," Ìyá dáhùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Ó kọjú sí Pọ́ńbà. "Ṣé ìwọ náà rí i báyìí? Gbogbo ariwo tó o pa mọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣebí nǹkan tí mò ń sọ nìyí. Màmá lóye ju ìwọ tó o pe ara ẹ ní oníṣẹ́ lọ."

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí o. Nígbà tí kòtò wà láàyè, tó ń jẹ ìdọ̀tí, tó ń da omi gaara jáde, èérí ni wọ́n pè é. Wọ́n wá pa á, wọ́n wẹ òkú rẹ̀, ọkùnrin yìí ń bá òkú yọ̀. Ó ní òǹtẹ̀ lápò o, ó ní ìwé, ó ní káàkì tó lọ̀. Ohun tí kò ní ni làákàyè tó máa fi bi oníṣẹ́ léèrè iṣẹ́. Pọ́ńbà ti fa èémí sínú, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀: pé bí wọ́n bá da omi ife yẹn sídìí igi, igi á kú, pé òpè ni. Ó wá wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ìyá nà ró lórí àga, orí rẹ̀ wà lókè, ó gbé ọwọ́ tó bó yẹn lé itan níbi tí ẹni gbogbo ti lè rí i. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú lórí òkè, kò tíì jókòó báyìí. Pọ́ńbà gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Wolé-wolé kọ̀wé, ó lù ú ní òǹtẹ̀. Kòtò yege, kó dúró. Àmọ́ ó fi àṣẹ kan sí i: gbogbo Sátidé, kí wọ́n da ìgò bílíìṣì kan sí i, kí wọ́n sì ha òkúta. Ìyá ló na ìwé náà sí, kì í ṣe Pọ́ńbà.

"Ẹ̀yin ni mo fi ṣe alábòójútó ẹ̀, Màmá. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sìmẹ́ńtì rẹ̀ wọlé, ó ń kùn bí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ dù. Láti ojú fèrèsé yàrá ìdáná ni ìyàwó rẹ̀ ti ń wo Pọ́ńbà, Pọ́ńbà sì ń wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, òórùn bílíìṣì ti ń lọ, òórùn mìíràn ti ń dé. Omi ìwẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jẹ ohun tó gbé dání mọ́. Èyí tó ń jáde sínú táǹkì ti dà bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́. Koríko etí odò pọ́n, ó sì dojú bolẹ̀. Igi ọsàn tó kéré jù ń wọ́ ewé. Pọ́ńbà gbé korobá, ó lọ sí ilé oníbàárà kan tó ti gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ fún, ó tọrọ òkúta dúdú tó ṣì ń yọ̀ dáadáa, ó gbé e wálé pẹ̀lú aṣọ lórí, bí ẹni jalè, ó fọ́n wọn sáàárín àwọn funfun nígbà tí Ìyá ń sùn lọ́sàn-án. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, láti ara ìwọ̀nba yẹn ni wọ́n á ti tàn dé ara àwọn yòókù. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, kò tún sí ọ̀nà mìíràn.

Láàárọ̀ Sátidé, ó ń wẹ ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ìyá ti jókòó sórí àpótí létí kòtò, ìwé wolé-wolé wà lórí itan rẹ̀, ìgò bílíìṣì tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ṣí ìdérí rẹ̀. Òkúta dúdú kan ló ń ha.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," Pọ́ńbà ké.

"Ìwé wà lọ́wọ́ mi," Ìyá dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Àwọn kan ti tún ń dọ̀tí níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mójú kúrò báyìí ni."

Ó na ọwọ́ sí ìgò. Pọ́ńbà kò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti gbé mì láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bẹ́.

"Ẹ ti pa á, Ìyá. Láti Ìṣẹ́gun lẹ ti pa á. Ohun yíyọ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, òun ló ń jẹ ìdọ̀tí. Ó wà láàyè. Nǹkan tó wà láàyè lẹ da bílíìṣì lé lórí. Ẹ wo koríko yẹn. Ẹ wo ọsàn yín. Ẹni tó fún yín níwèé yẹn kò mọ nǹkan kan, òkú ló ń gbóòórùn ẹ̀ tó ń kí yín kú iṣẹ́. Òkúta dúdú tẹ́ ẹ ń ha yẹn, àná ni mo lọ tọrọ ẹ̀ nílé onílé kí n lè tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ tún fẹ́ pa ìyẹn náà."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Ìyá wo òkúta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, apá kan dúdú, apá kan tó ti ha mọ́. Ó rọra gbé e padà síbi tó ti mú un, ó sì fi apá dúdú sókè.

"O fi ìpara pa mí lọ́wọ́," ó ní. "O ní ó mọ́."

"N ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni."

"Inú mi ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ǹ bá má ti jókòó síwájú ọkùnrin yẹn bí òpònú, tó ń kí mi pé mo pa nǹkan ọmọ mi." Ó mú ìdérí ìgò, ó dé e, ó yí i títí ó fi le. Ó wá gbójú sókè wo pákó tó wà lára ògiri, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ètè rẹ̀ ń mì. "Ọdún mẹ́ta lo fi ń ké mọ́ mi pé n má fọwọ́ kàn án. Mo bí ẹ, mo pọn ẹ́. Lọ́jọ́ wo lo jókòó tì mí, kó o sọ fún mi pé ó wà láàyè?"

Pọ́ńbà ro ọdún mẹ́ta náà padà láti òní dé ọjọ́ tó gbé ṣọ́bìrì, kò rí ọjọ́ yẹn níbẹ̀.

"Mo gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," Ìyá tún ní. "Mo rò pé oníbàárà kan lò ń bú lórí fóònù. Ìyàwó wa ni, àbí?"

"Òun ni."

"Kò sì sọ fún ọ pé èmi ni."

"Kò sọ, Ìyá."

Ìyá ká ìwé wolé-wolé ní mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ ìgò kí atẹ́gùn má gbé e lọ. "Kí ọkùnrin ìka yẹn padà wá. Èmi ni màá dá a lóhùn, bó o bá ti kọ́ mi ní nǹkan tí màá sọ. Lọ pe ìyàwó wa wá. Ó tọ́ kó mọ ohun tó gba èébú lé lórí. Àwa méjèèjì lo máa ṣàlàyé ẹ̀ fún, láti ìbẹ̀rẹ̀."

Pọ́ńbà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, níbi tí eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà nílẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó Bọ̀dá ṣí i, aṣọ iṣẹ́ funfun wà lápá rẹ̀ tó ń ká lọ́wọ́. Nígbà tó rí ẹni tó kàn án, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún àbúrò ọkọ láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Pọ́ńbà ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ aṣọ tí mo sọ sí ẹ yẹn," ó ní, "jọ̀ọ́, má bínú."